Ilé-Ẹ̀kọ́ Tó Ń Tọ Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ: Bí Ẹ̀kọ́ Àlùfáà Láìfi Ilé Sílẹ̀ Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà ti ìjọ Presbyterian ní orílẹ̀-èdè Guatemala ṣe ìṣirò kan tí kò dùn mọ́ wọn nínú. Wọ́n ka àwọn tó ti gba ọwọ́ wọn kọjá fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wọ́n sì rí i pé díẹ̀ péré nínú wọn ló ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọ ń pọ̀ sí i. Láti ọdún 1882, nígbà tí Ààrẹ Justo Rufino Barrios ránṣẹ́ pe àwọn míṣọ́nnárì Presbyterian láti Amẹ́ríkà, ni iṣẹ́ náà ti ń tàn kálẹ̀ ní ìgbèríko, ṣùgbọ́n Guatemala City, olú-ìlú, ni wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sí. Ọmọ àgbẹ̀ tó bá ti gbé ìlú ńlá fún ọdún mélòó kan, tó ti mọ̀wé, tó sì ti mọ ojú ọjà, kì í sábà fẹ́ padà sí abúlé tí owó oṣù rẹ̀ kò ní tó bọ́ ọ.

Èyí tó tún burú jù ni pé àwọn tí wọ́n ń kọ́ kì í ṣe àwọn tó ń darí ìjọ. Àwọn àgbà ọkùnrin tó ní oko, ìyàwó àti ọmọ, tí ará àdúgbò ń fetí sí, ni wọ́n ń wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi, tí wọ́n ń sin òkú, tí wọ́n sì ń parí ìjà. Kò sí èyí tó lè fi oko sílẹ̀ fún odidi ọdún kan nínú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ wá ń gbà, tí ó sì ń retí pé kí ìjọ fi wọ́n ṣe olórí àwọn baba wọn.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n gbé ilé-ẹ̀kọ́ náà kúrò ní olú-ìlú lọ sí San Felipe, ní ẹkùn Retalhuleu ní ìwọ̀-oòrùn, níbi tí àwọn ìjọ wọn pọ̀ sí. Kò tó. Àgbẹ̀ tí kò lè lọ gbé ní olú-ìlú kò lè lọ gbé ní San Felipe náà. Nígbà tó di ọdún 1963, wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà po: bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá lè wá, olùkọ́ yóò lọ. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni olùkọ́ ń rìn lọ sí ibùdó kan tó súnmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí wọn yóò jókòó fún wákàtí díẹ̀, tí wọn yóò sì jọ tú ohun tí kálukú ti kà nílé palẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni gbogbo wọn ń péjọ sí San Felipe.

Mẹ́ta nínú àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà ni James Emery, Ralph Winter àti Ross Kinsler. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ni Winter kọ́kọ́ gbà kí ó tó di míṣọ́nnárì láàárín àwọn ará Mam, ẹ̀yà ìbílẹ̀ kan ní Guatemala, lórí òkè, lójú tèmi sì ni èyí hàn nínú ọ̀nà tó gbà ronú: ó ka iye, ó wo ibi tí ó ti ń jò, ó sì tún un mọ. Àwọn ènìyàn máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ìṣípayá láti òkè ni. Ìṣirò ni.

Ìṣòro ńlá tó kù ni ìwé. Ẹni tó ń dá kàwé lábẹ́ àtùpà, lẹ́yìn tó ti oko dé, kò ní olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí yóò bi léèrè. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gé ẹ̀kọ́ wẹ́wẹ́: ìpínrọ̀ kúkúrú, ìbéèrè kan, ìdáhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi yẹ ara rẹ̀ wò, kí ó tó bọ́ sí èyí tó kàn. Ẹni tó ka ìwé mẹ́fà àti ẹni tó jáde ilé-ìwé gíga ń kọ́ ohun kan náà, ṣùgbọ́n ìwé tí a kọ fún ìpele kálukú ni wọ́n ń lò. Ted Ward, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ Michigan, fi gbogbo ètò náà wé ọgbà igi tí a fi ń yí oko ká. Igi gbọọrọ méjì ló nà lọ, ọ̀kan jẹ́ ìmọ̀ inú ìwé, èkejì jẹ́ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe nínú ìjọ rẹ̀. Ìpàdé ọ̀sẹ̀ ni òpó tó so wọ́n pọ̀. Bí òpó bá jìnnà síra jù, igi yóò wó.

Ìwé wọ̀nyí ló mú kí ètò náà fo odi ìjọ. Kíkọ ọ̀kan ṣoṣo gba àkókò púpọ̀, nítorí pé ó yẹ kí a dán an wò lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí a sì tún un kọ, ìjọ kékeré kan kò sì lè dá a ṣe. Lẹ́yìn ìpàdé tí wọ́n ṣe ní ìlú Armenia, ní Colombia, ní ọdún 1967, àwọn ìjọ oríṣiríṣi ní Látìn Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í pín iṣẹ́ ìwé kíkọ láàárín ara wọn. Àwọn mìíràn nínú wọn kì bá jókòó pọ̀ sórí ọ̀rọ̀ ìtẹ̀bọmi, ṣùgbọ́n ìwé ìtàn Ìjọ àti ìwé ìtumọ̀ Bíbélì kò béèrè orúkọ ìjọ ẹni. Ìnáwó ló kọ́kọ́ so wọ́n pọ̀, kì í ṣe àpéjọ ìṣọ̀kan. Ní ti Winter, ó ti kọjá sí Pasadena ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1966, ó sì tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀nà ìkọ́ni yìí ní ọdún 1969, èyí tó gbé ìròyìn rẹ̀ dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Owó ńlá wà níbòmíràn. Ní ìpàdé Ìgbìmọ̀ Míṣọ́nnárì Àgbáyé ní Accra, tó parí ní ọdún 1958, ni wọ́n ti fìdí àpò owó kan múlẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ní Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà: mílíọ̀nù méjì dọ́là láti ọ̀dọ̀ Rockefeller, tí àwọn ẹgbẹ́ míṣọ́n sì fi mílíọ̀nù méjì kún un. Ilé-ẹ̀kọ́ olókùúta àti yàrá ìkàwé ni àpò yìí kọ́kọ́ ń ràn lọ́wọ́. Nígbà tó di ọdún 1972, lábẹ́ Shoki Coe, ọmọ Taiwan tó ń darí àpò náà, ìbéèrè yí padà: ṣé ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ àlùfáà yìí bá ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́ mu? Ẹni tí wọ́n fi sídìí ọ̀rọ̀ Áfíríkà ní ọ́fíìsì àpò owó náà, láti ọdún 1972 títí di 1975, ni Desmond Tutu.

Tutu ti kọ́ni rí ní ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà alápapọ̀ tí ó ṣí ní Alice, ní Gúúsù Áfíríkà, ní ọdún 1963, ọdún kan náà tí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní Guatemala. Àwọn Áńgílíkà, Mẹ́tọ́dìísì, Presbyterian àti Congregational ló pawọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀, kálukú sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tirẹ̀ lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà gba ilẹ̀ náà ní ọdún 1974. Wọ́n kó lọ sí Umtata, wọ́n tún kó lọ sí ẹ̀bá Pietermaritzburg, nígbà tó sì di ọdún 1993 wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ní ọdún 1976, nígbà tí ìjà ilẹ̀ yìí ṣì gbóná, àwọn ìjọ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn sílẹ̀ ní Johannesburg, tí ń kọ́ni láti òkèèrè ní ọ̀nà ti Guatemala. Kò ní ọgbà ńlá tí ọlọ́pàá lè lé ènìyàn jáde kúrò nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ń gba ìwé nílé, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi ìpàdé sì lè jẹ́ ará ìjọ mìíràn.

Síbẹ̀ mi ò ní sọ pé ohun tí ìwé ń ṣe ni gbígbé pọ̀ ń ṣe. Níbàdàn, àwọn Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́dìísì jọ dá Immanuel College sílẹ̀ ní ọdún 1958, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe pẹ̀lú àwọn Presbyterian ní Umuahia ní ọdún 1948. Ìjọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́ di ọ̀kan ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1965, gbogbo ètò ti tò, ó sì dàrú nígbà tó kù díẹ̀. Ìṣọ̀kan kò bọ́ sí i, ilé-ẹ̀kọ́ kò sì tìtorí rẹ̀ wó. Àwọn tó ti jọ jẹun, tí wọ́n sì jọ gbàdúrà òwúrọ̀ fún ọdún mélòó kan, ní ohun tí ìpàdé wákàtí méjì lọ́sẹ̀ kò lè fún ènìyàn.

Kinsler bọ́ sí Geneva ní ọdún 1977, sí ọ́fíìsì Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjọ Àgbáyé tó gba iṣẹ́ àpò owó Accra, ó sì ń kọ́ àwọn ìjọ káàkiri ní ọ̀nà tí San Felipe là. Ìbéèrè tó ń bá a pàdé níbẹ̀ kì í ṣe ti ìwé mọ́. Ó jẹ́ ti oyè: bí àgbẹ̀ ẹni àádọ́ta ọdún bá ti parí gbogbo ẹ̀kọ́ náà lábẹ́ àtùpà rẹ̀, ṣé ìjọ yóò gbọ́wọ́ lé e lórí bí ó ti ń ṣe fún ọmọ tó gbé ilé-ẹ̀kọ́, àbí yóò kàn fún un ní ìwé-ẹ̀rí, kí ó sì ní kí ó padà sí ìjókòó àwọn alàgbà?