Bí a ṣe lè kọ́ ọmọdé nípa àwọn obìnrin tó mú ọba Faransé kúrò láàfin: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ bí mo bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá nípa ipa tí àwọn obìnrin kó nígbà tí aráàlú dìde sí ọba ní ilẹ̀ Faransé ní 1789?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí oúnjẹ, nítorí kò sí ọmọ tí kò mọ ebi. Òjò yìnyín ba ọkà jẹ́ ní 1788, nígbà tí yóò sì fi di ọdún kejì, búrẹ́dì tó wúwo tó nǹkan bíi kílò méjì ti di sou (owó ẹyọ Faransé ayé ìgbà náà) 14 àti ààbọ̀ ní Paris, bẹ́ẹ̀ lébìrà ọkùnrin kì í gbà ju sou 20 sí 30 lọ lójúmọ́, ti obìnrin sì tún kéré sí ìyẹn. Ẹ ka kóró àgbàdo 20 sórí tábìlì gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ òòjọ́. Kí ọmọ kan jáde wá mú 14 kúrò, kí ó gé ìkẹẹ̀ẹ́dógún sí méjì, kí ẹ wá bi wọ́n bí èyí tó kù yóò ṣe san owó ilé, tí yóò ra igi ìdáná àti aṣọ. Ìyá ilé ló ń tò sẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì, òun náà ló sì ń ti ibẹ̀ darí sílé lọ́wọ́ òfo.

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n ṣe gan-an?

Ní àárọ̀ ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá 1789, ọmọbìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù lọ́jà, àwọn obìnrin ẹlẹ́ja àti àwọn ìyá ilé sì tú jáde. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bí ogún kìlómítà nínú òjò dé Versailles, níbi tí Ọba Louis Kẹrìndínlógún ń gbé. Louison Chabry, ọmọ ọdún 17, wà lára àwọn tí wọ́n rán wọlé. Nígbà tó dé iwájú ọba, díẹ̀ ló rí sọ kí ó tó dákú. Ẹ má fo ibí yìí, nítorí níbẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò ti rí i pé irú ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, ọba, Marie Antoinette aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ bá wọn lọ sí Paris, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù ìyẹ̀fun, kò sì padà gbé Versailles mọ́. Wọ́n pa ẹ̀ṣọ́ láàfin ní ìdájí ọjọ́ náà; ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣàpèjúwe rẹ̀.

Ìbéèrè: Bí wọ́n bá lè mú ọba wá, kí ló dé tí wọn kò lè dìbò?

Ìbéèrè tí ọmọ tó bá ń ronú yóò bi yín nìyí, ìdáhùn rẹ̀ kò sì dùn. Àwọn ọkùnrin tó gba ìjọba gbà pé ilé ni àyè obìnrin. Olympe de Gouges, obìnrin òǹkọ̀wé kan, kọ ìwé ẹ̀tọ́ obìnrin ní 1791, ó ní bí obìnrin bá lẹ́tọ̀ọ́ láti gun pèpéle tí wọ́n ti ń bẹ́ni lórí, ó yẹ kí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gun pèpéle tí wọ́n ti ń bá aráàlú sọ̀rọ̀. Pauline Léon àti Claire Lacombe dá ẹgbẹ́ obìnrin sílẹ̀ ní 1793, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún náà, ìgbìmọ̀ aṣòfin fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ́ Olympe lórí nítorí ìwé tó kọ tako àwọn tó wà nípò. Ó máa ń dùn mí nígbàkigbà tí mo bá fi ọjọ́ méjèèjì yìí síra wọn. Òfin 1792 ti jẹ́ kí aya lè kọ ọkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n òfin Napoleon, tó ń ṣàkóso Faransé nígbà náà, ní 1804 ní kí aya máa gbọ́ràn sí ọkọ lẹ́nu. 1944 ni wọ́n tó fún obìnrin Faransé lẹ́tọ̀ọ́ ìbò, wọ́n sì dì í fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1945. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣírò iye ọdún tó wà láàárín 1789 sí 1945 fúnra wọn.

Ìbéèrè: Àṣìṣe wo ni kí n ṣọ́ra fún?

Ẹ má sọ pé wọ́n “ran àwọn ọkùnrin lọ́wọ́.” Lọ́jọ́ náà, obìnrin ló ṣáájú, ẹ̀yìn wọn ni Lafayette, ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ ìlú Paris, àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó dé. Ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ Marie Antoinette nìkan ni orúkọ obìnrin tí àwọn ọmọ yóò mú lọ sílé. Ẹ kọ́kọ́ kọ ti Louison Chabry sójú pátákó.