Ilẹ̀kùn ààfin Ògògà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́?

Ìròyìn jáde ní 2025 pé Nẹ́dálándì dá iṣẹ́ ọnà Bìní 119 padà sí Nàìjíríà. Ó ṣeé ṣe kí ará Èkìtì wá béèrè ilẹ̀kùn onígi tí wọ́n gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkéré-Èkìtì, tó wà ní British Museum, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ṣé ó wà lára ẹrù tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní Bìní ní 1897?
Rárá. Ogun yẹn kò kàn án rárá.

Ta ló gbẹ́ ẹ?
Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, ọmọ bíbí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, tó kú ní 1938.

Kí ló wà lára rẹ̀?
Ògògà jókòó tòun tadé, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lódìkejì, wọ́n gbé Captain Ambrose, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, wá kí i. Ọba jókòó jẹ́jẹ́, àlejò ni wọ́n ń gbé kiri. Ọlọ́wẹ̀ ò sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Ibo ni irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ máa ń wà?
Ààfin àtijọ́ kì í ṣe ilé kan ṣoṣo. Ojúde ọba àti ọjà ló máa ń wà níwájú, níbi tí gbogbo ìlú ti ń pàdé. Lẹ́yìn wọn ni àgbàlá ń tẹ̀lé àgbàlá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí wọn ká, òrùlé ń da omi òjò sáàárín. Bí ẹ bá ṣe ń wọlé tó ni àwọn tó láyè láti tẹ̀ síwájú ń dín kù. Òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìkéré kan tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ wà ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, báyìí: ìyàwó àgbà dúró lẹ́yìn ọba, ó ga jù ú lọ fíìfíì. Ẹni tó bá ní obìnrin ò jẹ́ nǹkan kan láàfin, kó lọ wò ó.

Ṣé wọ́n jí i ni?
Wọn ò jí i. Wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn ńlá ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924, British Museum sì fẹ́ ẹ. Àga ọba tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún Ògògà. Àmọ́ ìjọba amúnisìn ló ń ṣàkóso Èkìtì nígbà náà. Lójú tèmi, àga ò tó ilẹ̀kùn yẹn.

Ṣé wọ́n máa dá a padà?
Kò rọrùn. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1963 kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà kí British Museum yọ ohunkóhun sílẹ̀.

Òpó àtijọ́ wà nílé bàbá mi. Ṣé kí n tà á?
Ẹ rọra. Òfin Nàìjíríà ti 1979 kò gbà kí wọ́n gbé irú ẹ̀ jáde lórílẹ̀-èdè láìgbàṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló lè máa rà á. Ẹ kọ́kọ́ pe ẹbí jọ, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níwá-lẹ́yìn, kí ẹ tó jẹ́ kí àjèjì kankan wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín.