Ìmọ́lẹ̀ ni sólà ń lò, kì í ṣe ooru

Bó bá di oṣù kẹta ní Abuja, tí ọ̀dà ojú títì Kubwa ń rọ̀ lábẹ́ bàtà, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn tó gbé sólà sórí ilé: “Pẹ̀lú oòrùn tòní yìí, bátìrì á yó dẹ́nu.” Ọjọ́ yẹn gan-an ni pánẹ́ẹ̀lì wọn ń jìyà. Ó ti tó àkókò ká sin èrò pé ooru ló ń di iná, nítorí owó ló ń ná àwọn èèyàn.

Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní silicon ló wà nínú pánẹ́ẹ̀lì, wọ́n gé e pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí kò nípọn ju nǹkan bí 0.2 mílímítà lọ. Ẹ jẹ́ ká pè é ní igi máńgòrò tó so jìngbìnnì. Àwọn electron ara rẹ̀, ìyẹn àwọn ègé tíntìntín tí ìrìn wọn ń di iná, ni máńgòrò, ìmọ́lẹ̀ ni òkò tí àwọn ọmọ ń sọ lù ú. Ẹyọ-ẹyọ ni ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wa kò lè kà á. Òkò tó bá wúwo tó yóò já máńgòrò kan. Èyí tí kò bá wúwo tó kò ní já nǹkan kan, bó ti wù kó pọ̀ tó: ẹni tó ń da iyanrìn sí igi láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò ní rí máńgòrò jẹ. Iyanrìn yẹn ni ooru tó ń jó wa lára. Òkò gidi ni ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, pẹ̀lú díẹ̀ lára èyí tí ojú kò rí. Albert Einstein ló là á yé ayé lọ́dún 1905 pé ẹyọ-ẹyọ ni ìmọ́lẹ̀ ń já electron, àlàyé yìí ló sì gba ẹ̀bùn Nobel ti 1921 fún un, kì í ṣe relativity tí gbogbo èèyàn fi mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n máńgòrò tó já kò tíì di iná. Máńgòrò yìí ní ìwàkiwà kan: bí ilẹ̀ abẹ́ igi bá tẹ́jú, ńṣe ló máa fò padà sórí ẹ̀ka. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ètò náà. Wọ́n fi èròjà phosphorus díẹ̀ sí apá kan silicon, wọ́n fi èròjà boron díẹ̀ sí apá kejì, níbi tí méjèèjì ti pàdé, ilẹ̀ dagẹ̀rẹ̀. Máńgòrò tó bá bọ́ síbẹ̀ á yí lọ sí apá kan ṣoṣo, kò lè gòkè mọ́. Wáyà ló ń gbà á nísàlẹ̀, á gba inú gílóòbù àti fáànù kọjá kó tó padà sídìí igi. Gíga ìdagẹ̀rẹ̀ yẹn ni voltage, agbára tó ń ti iná lọ.

Ibẹ̀ ni ooru ti ń bà á jẹ́. Bí pánẹ́ẹ̀lì bá ti ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìdagẹ̀rẹ̀ ń tẹ́ sí i. Iye máńgòrò tó ń já kò dín kù, ó tiẹ̀ lè lé díẹ̀, àmọ́ agbára inú yíyí wọn ń dín kù.

550 watt tí wọ́n kọ sẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì, inú yàrá ìdánwò ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, nígbà tí ara rẹ̀ wà ní 25°C. Ta ló rí 25 lórí òrùlé páànù ní Nyanya láago kan ọ̀sán? Bí afẹ́fẹ́ bá wà ní 37, ara pánẹ́ẹ̀lì lè wọ 65. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kíá lẹ máa fà á padà. Púpọ̀ nínú wọn ló ń pàdánù nǹkan bí 0.35% lórí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tó bá lé ní 25. Ìwọ̀n 40 ló lé yìí, ìyẹn 14%. 550 ti di 473.

Òun ló fà á tí pánẹ́ẹ̀lì kan náà, lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà, fi máa ń ṣe dáadáa ní Jos tó tutù ju Sokoto lọ. Ọ̀kan lára ìgbà tó máa ń dára ní Abuja ni ọ̀sán oṣù kẹwàá, tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ọyẹ́ ì bá dára náà, nítorí òtútù, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ ń dènà ìmọ́lẹ̀ lójú ọ̀run, ó tún ń bà lé pánẹ́ẹ̀lì. Ìdájí ni kí wọ́n fọ̀ ọ́. Omi tútù lórí gíláàsì tó ti gbóná lè mú kó sán.

Àwọn tó ń kan pánẹ́ẹ̀lì mọ́ páànù pẹ́kípẹ́kí, kó lè fani mọ́ra, ni mi ò lè gbà fún. Àlàfo sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 kì í ṣe àṣerégèé, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà tu ẹ̀yìn rẹ̀ lára. Kó kọjú sí gúúsù, kó dagun díẹ̀, ó parí.

Iṣẹ́ inverter kò le: ó ń sọ iná bátìrì di 230 volt, 50 hertz, irú èyí tí NẸ́PÀ ń gbé wá. Ẹni tó ń ránṣọ ní Sabon Gari, Kano, tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láago mẹ́jọ tó sì ń tì í nírọ̀lẹ́, bátìrì díẹ̀ tó o, torí ìgbà tí oòrùn ń ràn ló ń ṣiṣẹ́. Ilé gbígbé ló nílò bátìrì púpọ̀, bátìrì náà sì kórìíra ooru bíi pánẹ́ẹ̀lì. Bí ibi tí bátìrì olómi wà bá fi ìwọ̀n 10 gbóná ju 25 lọ, nǹkan bí ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ lè lọ. Bátìrì lithium ń fara da ooru ju olómi lọ, kì í ṣe pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀, nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, ni wọ́n máa ń tò wọ́n sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, níhà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í dé, ló yẹ wọ́n.