Bí Ẹ̀jẹ̀ Ṣe Ń Tú Àṣírí Ọkàn Tó Ti Ń Rẹ̀

Ẹsẹ̀ wíwú, mímí hẹlẹhẹlẹ àti àárẹ̀ wà lára àmì ọkàn tó ti ń rẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan míì náà lè fà wọ́n. Ẹsẹ̀ wíwú lè ti ọ̀dọ̀ kíndìnrín wá. Ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bó bá gun àtẹ̀gùn ilé lè ní ikọ́ fée, tàbí kó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kò tó. Ohun tó ń fa àárẹ̀ kò tiẹ̀ ṣeé kà tán. Nítorí náà, ó ṣòro kí dókítà àdúgbò fi ojú lásán mọ̀ pé ọkàn ni kò lágbára láti gbé ẹ̀jẹ̀ ká ara mọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tó ń jẹ́ NT-proBNP ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣe.

Ọkàn fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ohun tí àyẹ̀wò náà ń wá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá há sínú yàrá ọkàn, tí ògiri rẹ̀ ń fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ọkàn á tú èròjà kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ BNP. Èròjà yìí ló ń mú kí kíndìnrín da iyọ̀ àti omi nù, tó sì ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀, kí ẹrù ọkàn lè fúyẹ́. Lẹ́tà B iwájú orúkọ rẹ̀, ọpọlọ (brain lédè Gẹ̀ẹ́sì) ló ń tọ́ka sí, torí inú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ará Jàpáànù ti kọ́kọ́ rí i ní 1988. NT-proBNP ni ègé tó ń já kúrò lára rẹ̀ bó ṣe ń jáde. Kò níṣẹ́ tó ń ṣe lára, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ju BNP lọ.

Ìlànà tí NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú aláìsàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 2018 sọ pé bí iye NT-proBNP bá ju 2,000 ng/L (ìwọ̀n nanogram nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan) lọ, kí aláìsàn rí onímọ̀ ọkàn láàárín ọ̀sẹ̀ 2, kí wọ́n sì ya àwòrán ọkàn rẹ̀. Bó bá wà láàárín 400 sí 2,000, ọ̀sẹ̀ 6 ni. Bí kò bá tó 400, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ọkàn. Ibi tí àyẹ̀wò yìí ti wúlò jù nìyẹn: ó ń yọ ọkàn kúrò nínú ẹ̀sùn. Iye tó ga kì í ṣe ìdájọ́, nítorí ọjọ́ orí, àìsàn kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró náà máa ń gbé e sókè. Àwòrán ọkàn ló ń fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀.

Ṣùgbọ́n iye tó kéré náà lè tanni jẹ, èyí sì kan àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún gan-an. Ìlànà náà sọ ọ́ kedere pé sísanra jù, jíjẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, oògùn tó ń mú kéèyàn tọ omi ara dànù àti díẹ̀ lára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè fa iye náà wálẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru yìí kan náà ló sì ń ba ọkàn jẹ́ jù láàárín wa. Ohun tí àwọn oníṣègùn rí lára àwọn aláìsàn ọkàn ní Abẹ́òkúta nìyẹn. Ó yẹ kí aláìsàn ka gbogbo oògùn tó ń lò fún dókítà. Bí iye náà kò bá sì tó 400, àmọ́ tí dókítà ṣì ń fura sí ọkàn, ìlànà náà ní kó fọ̀rọ̀ lọ onímọ̀ ọkàn.