Bí kerekere orúnkún ṣe di ohun tí wọ́n ń hù nínú túùbù

Ní Iléṣà níbí, kí màmá tí orúnkún ń dùn tó gba ọsibítù Wesley lọ, ẹnì kan á ti gbé sachet dé, á ní stem cell rèé, mámà, kerekere tuntun ló máa hù fún yín. Stem cell ni sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn; kerekere ni biskit bone, nǹkan tó ń yọ̀ tó bo orí eegun níbi oríkèé. Ápù ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú nǹkan yẹn o! Sẹ́ẹ̀lì ápù ò lè di biskit bone ọmọ èèyàn láéláé. Àmọ́ ìtàn gidi wà ńbẹ̀.

Láti 1743 ni oníṣègùn William Hunter ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní London pé kerekere tó bá ti bàjẹ́ kì í padà bọ̀ sípò. Kò sí iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀, kí ló fẹ́ wá tún un ṣe?

Nígbà tó yá, láàárín 1960 sí 1970, onímọ̀ sáyẹ́nsì Alexander Friedenstein ní Moscow rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú mùdùnmúdùn eegun tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ abọ́, wọ́n ń pọ̀ sí i, wọ́n sì lè di eegun. Arnold Caplan ní Cleveland, ní Amẹ́ríkà, ló wá sọ wọ́n ní mesenchymal stem cell ní 1991.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí ẹ bá tẹ́ wọn sílẹ̀ lásán nínú abọ́, wọn ò ní di kerekere. Cleveland náà ni Brian Johnstone àti Jung Yoo wà tí wọ́n fi mú sẹ́ẹ̀lì ehoro, wọ́n dà á sínú túùbù, ẹ̀rọ yí i títí gbogbo ẹ̀ fi rọ́ sísàlẹ̀, tí wọ́n há mọ́ra bí èrò inú mọ́tò Ifẹ̀ sí Iléṣà nírọ̀lẹ́, wọ́n wá fi TGF-beta (purotéènì tó ń sọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì máa dà fún un) àti oògùn dexamethasone sí i, ló bá di kerekere. 1998 nìyẹn, ọdún yẹn náà ni wọ́n rí i ṣe pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì àgbàlagbà èèyàn. Nígbà tó fi máa di 1999, onímọ̀ sáyẹ́nsì kan, Mark Pittenger, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, tó bá ti bí síra, ọmọ ẹ̀ lè di eegun, ó lè di ọ̀rá, ó lè di kerekere.

Bí wọ́n ṣe há mọ́ra yẹn gan-an ló ṣiṣẹ́, torí bẹ́ẹ̀ náà ni apá àtẹsẹ̀ ọmọ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nínú oyún, sẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ fún mọ́ra, á di kerekere, eegun á wá gbapò ẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni Gordana Vunjak-Novakovic tẹ̀ lé ní Columbia, New York, tó fi hu kerekere tó tóbi tó sì le dáadáa ní 2014.

Ibi tó ṣì ti ń yọ wọ́n lẹ́nu ni pé sẹ́ẹ̀lì yìí ò mọ ibi tó yẹ kó dúró, tó bá di kerekere tán, ṣe ló tún ń fẹ́ lọ di eegun.