Bí Ìwé Ìtàn Ṣe Ń Di Fíìmù àti Eré Orí Ìtàgé

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé kámẹ́rà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń wádìí ni ẹni tó ni ìwé náà. Ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí iṣẹ́ rẹ̀ kì í bá a wọ sàréè. Àwọn àrólé rẹ̀ ló ń jogún rẹ̀. Ọdún 50 lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé ni àwọn orílẹ̀-èdè kan fi sí, ọdún 70 ni ti àwọn mìíràn, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó fi í sí 70. Shakespeare kú ní 1616, nítorí náà kò sí ẹni tí a ó bẹ̀ ká tó fi eré rẹ̀ ṣe ohun tó wù wá. Àmọ́ ọ̀fìn kan wà níbẹ̀: kò sí ẹni tó ni eré àwọn Gíríìkì ìgbàanì mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ láìpẹ́ yìí ló ni ìtumọ̀ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré lè jẹ́ dúkìá ẹni tó ṣì wà láàyè, bí ìtàn náà tilẹ̀ ti gbó ju baba ńlá gbogbo wa lọ.

Ẹni tó bá fo ìpele yìí lè fi imú dánrin. Ní 1922, àwọn ará Jámánì kan fi Dracula, ìwé Bram Stoker, ṣe fíìmù Nosferatu láìgba àṣẹ. Wọ́n pààrọ̀ orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn, ìyẹn kò sì gbà wọ́n. Opó Stoker gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì pàṣẹ ní 1925 pé kí wọ́n ba gbogbo ẹ̀dà fíìmù náà jẹ́. Àwọn ẹ̀dà tó ti sá mọ́ wọn lọ́wọ́ ló jẹ́ kí ayé ṣì máa wò ó títí dòní.

Bí ìwé bá ní olóhun, ẹni tó fẹ́ fi ṣe fíìmù kì í sábà ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ pátápátá lẹ́ẹ̀kan náà. Owó díẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fi lélẹ̀ kí wọ́n má bàa gbé ìwé náà fún ẹlòmíràn fún nǹkan bí ọdún kan tàbí ọdún kan ààbọ̀. Láàárín àkókò yẹn ni yóò wá olówó, òǹkọ̀wé eré àti olùdarí. Bí kò bá rí wọn, ẹ̀tọ́ padà sọ́dọ̀ olóhun, owó tó fi lélẹ̀ sì lọ nìyẹn.

Ìgbà tí ìwé bá dé ọwọ́ òǹkọ̀wé eré ni wàhálà gan-an bẹ̀rẹ̀. Nínú iṣẹ́ fíìmù, ojú ewé kan nínú ìwé eré ni wọ́n máa ń kà sí ìṣẹ́jú kan lójú àwòrán. Fíìmù wákàtí 2 kò gbà ju nǹkan bí ojú ewé 120 lọ, àyè funfun ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìwé ìtàn àròsọ tó ní ojú ewé 400 kò lè wọ ibẹ̀ tẹrù tẹrù. Erich von Stroheim, olùdarí fíìmù kan, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ gbé gbogbo ìwé McTeague sínú fíìmù rẹ̀, Greed, ohun tó kọ́kọ́ gé jáde sì gba wákàtí 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iléeṣẹ́ tó ni fíìmù náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gé e, wọ́n tún gé e, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1924 sì fi díẹ̀ lé ní wákàtí 2. Láti ìgbà náà ni àwọn onífíìmù ti ń dárò èyí tí wọ́n gé dànù.

Síbẹ̀, gígé kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò sọ àwọn ẹ̀dá ìtàn mẹ́ta di ẹyọ kan, yóò pa ìtàn ẹ̀gbẹ́ kan tì, yóò bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ohun tó le ni ohùn asọ̀tàn. Nínú ìwé, ẹnì kan ló ń bá wa sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ó ń fi ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, ó ń wọnú ọkàn rẹ̀, ó lè fi gbólóhùn kan fo ogún ọdún. Kámẹ́rà kò mọ ohun tí ènìyàn ń rò. Ohun tójú rí tí etí gbọ́ nìkan ló lè gbà. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ ká fi wo irú iṣẹ́ yìí ni pé: kí ni wọ́n fi rọ́pò ohùn yẹn? Àwọn tó ń ka iye ìran tí kò sí nínú fíìmù ń ka ohun tí kò ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò bá wọn jà nígbà tó bá jẹ́ ìran tí wọ́n fẹ́ràn jù ni wọ́n gé.

War Horse jẹ́ àpẹẹrẹ tó dáa. Nínú ìwé Michael Morpurgo tó jáde ní 1982, ẹṣin kan ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Nígbà tó di eré orí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2007, wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹṣin náà pátápátá. Iléeṣẹ́ ọmọláńgídi kan láti Gúúsù Áfíríkà, Handspring, ṣe ẹṣin ńlá tí ènìyàn mẹ́ta ń gbé rìn, tí etí rẹ̀ ń mì, tí àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni ń mí. Àwọn òlùwòran rí àwọn tó ń gbé e kedere, síbẹ̀ ẹṣin ni wọ́n ń wò. Fíìmù 2011 ní tirẹ̀ lo ẹṣin gidi. Ìwé kan náà ló bí àwọn méjèèjì, ọgbọ́n ọ̀kan kò sì lè ṣiṣẹ́ fún èkejì: ọmọláńgídi yẹn nínú ìran ogun tí kámẹ́rà ń yà nítòsí yóò pani lẹ́rìn-ín, ẹṣin gidi lórí ìtàgé kò sì ní gbọ́ràn sí olùdarí lẹ́nu.

Kọ́lá Ògúnmọ́lá náà bá irú ìṣòro yìí pàdé nígbà tó sọ ìwé Amos Tutuola, The Palm-Wine Drinkard, di eré Yorùbá tí a mọ̀ sí Ọ̀mùtí ní 1963. Ìwé náà kún fún abàmì tí kò sí pákó tàbí aṣọ tó lè fi wọ́n hàn bí òǹkọ̀wé ṣe ṣàpèjúwe wọn. Ògúnmọ́lá sọ ìrìn àjò náà di àlá ọ̀mùtí, orin àti ijó sì gba ibi tí ìròyìn asọ̀tàn ti wà.

Àwọn kan rò pé eré ló rọrùn jù láti sọ di fíìmù, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu ti wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn gan-an ni ẹrù. Nígbà ayé Shakespeare, ọ̀sán gangan ni wọ́n ń ṣe eré rẹ̀ ní gbọ̀ngàn tí kò ní òrùlé láàárín, nítorí náà òṣèré ní láti fi ẹnu sọ pé ilẹ̀ ti ṣú. Nínú fíìmù, ilẹ̀ yóò kàn ṣú ni. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ń sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Kenneth Branagh kò gé nǹkan kan nínú fíìmù tó fi Hamlet, eré Shakespeare, ṣe ní 1996, ó sì gba nǹkan bí wákàtí 4. Laurence Olivier ti gé tirẹ̀ sí bíi wákàtí 2 ààbọ̀ ní 1948, ó sì rí ọgbọ́n kan dá sí ibi tí Hamlet ti ń dá sọ̀rọ̀: ẹnu òṣèré wà ní pípadé, a sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bí ìrònú. Lórí ìtàgé, àwọn òlùwòran ni Hamlet ń bá sọ̀rọ̀. Nínú fíìmù, kò sí wọn níwájú rẹ̀.

Ìran tí ìránṣẹ́ kàn wá ròyìn rẹ̀ náà ń fa àríyànjiyàn. Nínú eré àwọn Gíríìkì, ẹ̀yìn ògiri ni Oedipus, ọba tó pa baba rẹ̀ láìmọ̀, ti fọ́ ojú ara rẹ̀, ẹlòmíràn ló wá sọ fún wa. Kámẹ́rà lè wọlé lọ bá a. Èmi ò rò pé ó yẹ kó wọlé nígbà gbogbo. Ohun tí etí gbọ́ tí ojú kò rí a máa dẹ́rù bani ju ẹ̀jẹ̀ lọ.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti dùn jù ni ìgbà tí wọ́n bá ṣí ìtàn náà nípò lọ sí ìlú tàbí ìgbà mìíràn. Pípààrọ̀ aṣọ àti orúkọ kò tó. Ohun tó ń fa ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ wá àfidípò fún. Nínú Romeo and Juliet, àìsàn tó ń jà nílùú ló jẹ́ kí lẹ́tà pàtàkì kan má dé ọwọ́ Romeo. Nígbà tí wọ́n gbé ìtàn náà lọ sí New York nínú West Side Story ní 1957, kò sí àjàkálẹ̀ àrùn tí wọ́n lè lò. Anita, ọ̀rẹ́ Maria tó dúró fún Juliet, ni wọ́n rán níṣẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ tó jẹ́ ọ̀tá wọn sì fìyà jẹ ẹ́ débi pé ó fi ìbínú jíṣẹ́ irọ́: ó ní Maria ti kú. Ohun tó jẹ́ àgbákò lásán tẹ́lẹ̀ wá di èso ìkórìíra tí gbogbo eré náà dá lé lórí. Ní tèmi, ó dáa ju ti Shakespeare lọ níbẹ̀ yẹn.

Ọlá Rótìmí ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó sọ ìtàn Oedipus di The Gods Are Not to Blame ní 1968. Oríta ni Oedipus ti pa baba rẹ̀ nítorí pé wọn kò yà fún ara wọn lọ́nà. Ọdẹ́wálé, ẹni tó dúró fún Oedipus nínú eré Rótìmí, pa tirẹ̀ nínú ìjà lórí oko, lẹ́yìn tí àgbàlagbà náà ti fi ẹ̀yà rẹ̀ bú u. Nàìjíríà ń jagun abẹ́lé nígbà náà, kò sì sí òlùwòran tó nílò àlàyé.

Èdè náà ń ṣí nípò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Wọlé Ṣóyínká fi kọ Death and the King's Horseman ní 1975, lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó wáyé ní Ọ̀yọ́ láàárín àwọn ọdún 1940. Nígbà tí Bíyì Bándélé fi ṣe fíìmù Ẹlẹ́ṣin Ọba ní 2022, Yorùbá ló gba ẹnu àwọn ẹ̀dá ìtàn náà jù. Àwọn òwe tí Ṣóyínká ti sọ di Gẹ̀ẹ́sì ní láti padà sí Yorùbá, iṣẹ́ tó gba etí tó mọ bí àwọn àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀ láàfin.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ìwé eré kò tíì parí. Ní ti ìtàgé, wọn yóò jókòó kà á sókè pẹ̀lú àwọn òṣèré, ibi tí wọ́n bá ti ń sún oorun ni wọ́n ó gé, wọn a sì máa gé e títí di àsìkò tí àwọn òlùwòran àkọ́kọ́ bá wọlé. Ní ti fíìmù, yàrá ẹni tó ń gé àwòrán ni wọ́n ti ń kọ ọ́ kẹ́yìn. Ìran kan tó gba ọjọ́ mẹ́ta láti yà lè lọ níbẹ̀ nítorí pé ojú òṣèré nínú ìran tó ṣáájú rẹ̀ ti sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.