Sílíńdà Gáàsì Nínú Ọkọ̀ Onígbòkun: Ẹ Wo Ihò Ìdí Àpótí Ná

Bí ènìyàn bá fẹ́ ra sílíńdà propane, ìyẹn gáàsì ìdáná, fún ọkọ̀ ojú omi onígbòkun, irin rẹ̀ ló sábà máa ń kàn wò bóyá ó nípọn, torí ẹ̀rù ń bà á kó má lọ bú gbàmù. Ibi tí kò yẹ ni ẹ̀rù yẹn wà. Sílíńdà tó péye kì í ṣàdédé bẹ́. Gáàsì tó rọra ń jò lẹ́nu rẹ̀ tàbí lára họ́ọ̀sì ló ń fọ́ ọkọ̀ yángá.

Propane wúwo tó ìlọ́po kan àtààbọ̀ afẹ́fẹ́. Bó bá jò nínú ilé, ó lè gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Igbá ni ọkọ̀ ojú omi ní tirẹ̀: ara tí kò jẹ́ kí omi wọlé ni kò ní jẹ́ kí gáàsì jáde. Bí ẹni da omi sínú igbá, propane á ṣàn wálẹ̀, á gba abẹ́ ibùsùn, á jò gba àárín pákó ilẹ̀, á sì lọ jókòó sí ìdí ọkọ̀ níbi tí ẹ̀rọ tó ń fa omi dànù wà. Omi ìdí igbá ṣeé rí, èyí kò ṣeé rí. Òórùn tí wọ́n pò mọ́ ọn nìkan ló ń tú u fó, ẹni tó sùn kò sì ní gbọ́ òórùn yẹn. Bó bá ti lé díẹ̀ ní ìdá 2 nínú 100 afẹ́fẹ́ ibẹ̀, iná kékeré tó ta pàrà lára ẹ̀rọ ti tó.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àpótí tí sílíńdà ń jókòó sí nínú ọkọ̀ là ń kọ́kọ́ wò, ká tó wo sílíńdà fúnra rẹ̀. Òkè ni ìdérí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí sí, kò gbọdọ̀ ní ojú kankan sí inú ọkọ̀, ihò kan sì gbọ́dọ̀ wà ní ìdí rẹ̀ gan-an, tó fẹ̀ tó mìlímítà 13 ó kéré tán, tí páìpù rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síta lókè ojú omi. Kò lo fáànù, kò lo bátìrì, kò sì dúró de kí ẹnikẹ́ni rántí tẹ nǹkan kan. Ìwúwo tó ń jẹ́ kí gáàsì pa ènìyàn náà ló ń tì í jáde. Nínú gbogbo ètò gáàsì ọkọ̀, kò sí ohun tó gbọ́n tó ihò yìí, síbẹ̀ òun ni àwọn ènìyàn máa ń kó okùn àti àkísà dí.

Sílíńdà tó bá àpótí náà mu ló kù. Èyí tí wọ́n ṣe láti dúró gbọ́dọ̀ dúró, kí wọ́n sì dè é mọ́lẹ̀. Àwọn kan máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ìdérí lè pa dé, àṣìṣe ńlá sì ni. Olómi propane wà nísàlẹ̀, gáàsì wà lókè, gáàsì òkè yẹn nìkan ló yẹ kó dé ẹnu sílíńdà. Bí a bá tẹ́ ẹ, olómi á wọ họ́ọ̀sì, ife kan rẹ̀ sì ń di nǹkan bí ife 270 gáàsì. Ohun tó ń léfòó nínú rẹ̀, tó ń dá ìrọgáàsì dúró ní ìdá 80 nínú 100 kí olómi lè ráyè wú bí ooru bá mú, kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ bí wọ́n bá rọ ọ́ ní ìdùbúlẹ̀. Bí àpótí bá kúrú, àwọn sílíńdà kan wà tí wọ́n dìídì ṣe láti dùbúlẹ̀. Ẹ ra ìyẹn.

Ní ti ohun tí wọ́n fi ṣe é, omi iyọ̀ ń mú kí irin dógùn-ún, pàápàá ní ìdí tó fi jókòó. Alúmíníọ̀mù fúyẹ́, àmọ́ iyọ̀ ń jẹ ẹ́ níbi tí irin mìíràn bá ti kàn án. Fáíbà kì í dógùn-ún, a sì ń rí bí gáàsì ṣe kù láti ìta, ìyẹn ló fi dára jù lójú tèmi. Ẹ wo ọjọ́ àyẹ̀wò tó wà lára èyíkéyìí tí ẹ bá mú.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá so ó, kí wọ́n pa gbogbo ojú sítóòfù, kí wọ́n ṣí sílíńdà, kí wọ́n wo géèjì, ìyẹn aago tó ń fi agbára gáàsì inú páìpù hàn, kí wọ́n wá ti sílíńdà padà, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú 3 ó kéré tán. Bí abẹ́rẹ́ géèjì bá sún wálẹ̀, ó ń jò. Omi ọṣẹ ni kí wọ́n fi wá ojú ibi tó ti ń hó.